Àwọ̀ Dúdú Lára Páálí Rẹ́kọ́ọ̀dù

Kí n tó mọ bí wọ́n ṣe ń di kámẹ́rà mú ni mo ti mọ páálí rẹ́kọ́ọ̀dù. Bàbá mi kì í jẹ́ ká fọwọ́ kan àwo, ṣùgbọ́n kò ka páálí léèwọ̀ fún wa. Orí ẹní ni mo máa ń tẹ́ wọn sí, mo sì lè jókòó ti ẹyọ kan títí ilẹ̀ á fi ṣú. Páálí Blue Train, àwo John Coltrane onífèrè, ló sọ mí di ayàwòrán.

Ẹ bá mi wò ó dáadáa. Coltrane gbé ọwọ́ kan lé ẹ̀yìn ọrùn, ìka ọwọ́ kejì wà létè rẹ̀, fèrè rẹ̀ rọ̀ sọ́rùn. Kò rẹ́rìn-ín sí ẹnikẹ́ni, ó ń ronú ni. Gbogbo àwòrán náà dà bí èyí tí wọ́n rẹ sínú ìkòkò aró. 1957 ni wọ́n gba orin yẹn sílẹ̀, nígbà tí ọ̀pọ̀ ilé oúnjẹ ní ìhà gúúsù orílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà kò gbà kí ènìyàn dúdú jókòó jẹun pẹ̀lú òyìnbó. Nínú fíìmù àti ìpolówó ọjà ayé ìgbà náà, aláwàdà tàbí ọmọ ọ̀dọ̀ ni wọ́n sábà máa ń fi wá ṣe. Páálí yìí fi ènìyàn dúdú hàn bí onírònú, lẹ́nu iṣẹ́ rẹ̀.

Francis Wolff ló yà á. Júù ará Berlin ni. Ó sá fún ìjọba Hitler lọ sí New York lọ́dún 1939, ó sì dara pọ̀ mọ́ Alfred Lion, ọ̀rẹ́ rẹ̀ láti kékeré, ní Blue Note, ilé iṣẹ́ tó gbé àwo náà jáde. Ìgbà tí iṣẹ́ bá ń lọ lọ́wọ́ gan-an, tí òógùn ṣì wà lójú, ló máa ń ya àwọn onífèrè. Ẹ̀gbẹ́ ni iná rẹ̀ sábà máa ń gbà wá, òkùnkùn á sì gba ẹ̀yìn wọn. Ẹni tó bá ń ya aláwọ̀ dúdú á mọ ohun tí mò ń wí. Iná tó bá ti iwájú wá a máa sọ ojú di pẹlẹbẹ bíi pákó. Bó bá gba ẹ̀gbẹ́, egungun ẹ̀rẹ̀kẹ́ á yọ, iwájú orí á dán, dúdú á di oríṣiríṣi dúdú.

Ọmọ Yorùbá náà wà níbẹ̀: ọdún 1963 ni Blue Note gbé African High Life ti Solomon Ilori jáde. Nígbà tó sì di 1969, nílé iṣẹ́ mìíràn, orí Isaac Hayes olórin tó fá kodoro ló gba iwájú páálí àwo rẹ̀, Hot Buttered Soul. Wọn ò fi ojú rẹ̀ hàn. Orí dúdú yẹn tó.

Títí dòní, àwọn ìyàwó tí mo ń yà lóde ìgbéyàwó a máa bẹ̀ mí pé kí n bá àwọn sọ àwọ̀ ara àwọn di pupa nínú àwòrán. Blue Train ni mo máa ń gbé hàn wọ́n. Àwọn kan á gbà, àwọn kan á gba ọ̀dọ̀ ẹlòmíràn lọ.

Bí páálí bá wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì bàbá yín, ẹ jọ̀wọ́, ẹ gbé e kúrò nílẹ̀ kí ikán tó dé ibẹ̀, kí ẹ sì fi han àwọn ọmọ.