Lílé Láìsí Ègbè: Lámèyítọ́ Fíìmù Alive Inside

Nínú fíìmù Alive Inside (2014), tí Michael Rossato-Bennett darí, a rí bàbá àgbà kan, Henry, ní ilé ìtọ́jú àwọn arúgbó ní Brooklyn. Àrùn ìgbàgbé ti mú un. Ó dorí kodò, kò fi bẹ́ẹ̀ dá ènìyàn lóhùn. Wọ́n fi ẹ̀rọ agbọ́hùn bò ó létí, orin tí ó fẹ́ràn bẹ̀rẹ̀ sí í dún, ojú rẹ̀ sì là. Àwọn òǹwòran fún fíìmù yìí ní àmì-ẹ̀yẹ ní àjọ̀dún Sundance lọ́dún náà, ó sì tọ́ sí i. Ìtumọ̀ tí olùdarí fún ohun tí ó yà ni a kò fara mọ́.

Lójú olùdarí, iPod (tí iléeṣẹ́ Apple ti dá ṣíṣe rẹ̀ dúró ní 2022) ni akọni ìtàn náà. Bẹ́ẹ̀, bí a bá tún ìran Henry wò dáadáa, ìgbà tí wọ́n yọ ẹ̀rọ kúrò ní etí rẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ dé. Ẹnìkan bi í bóyá ó fẹ́ràn orin, ó fèsì, ọ̀rọ̀ kan Cab Calloway, ó sì gbé orin sẹ́nu. Oliver Sacks, oníṣègùn ọpọlọ tí ó kọ Musicophilia (2007), ṣàlàyé nínú fíìmù náà pé orin ni ó dá Henry padà fún ara rẹ̀. A kò jiyàn. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bi í léèrè ńkọ́?

Akẹ́kọ̀ọ́ lítíréṣọ̀ alohùn mọ̀ pé lílé nìkan kì í gbé orin dúró. Ẹni tí ó ń gbè é ni ó ń jẹ́ kí ẹni tí ó lé e mọ̀ pé a gbọ́ òun. Ẹni tí a bá sì ti sọ pé ó ń ṣarán kì í tètè rí elégbè mọ́: wọn á máa já ọ̀rọ̀ gbà mọ́ ọn lẹ́nu, wọn á máa tún un sọ. Nínú orin àjùmọ̀kọ, bí ọ̀rọ̀ kan bá sọnù lọ́kàn rẹ̀, yóò dúró de ègbè, yóò sì bá àwọn yòókù gbé e. Kò sí ẹni tí yóò fura.

Ọ̀nà yìí ni Chreanne Montgomery-Smith tọ̀ ní Newbury, nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, nígbà tí ó dá Singing for the Brain sílẹ̀ ní 2003 lábẹ́ Alzheimer's Society. Aláìsàn àti olùtọ́jú rẹ̀ jọ ń kọrin ni. Ìwádìí Teppo Särkämö àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní Finland, tí òun náà jáde ní 2014, lo aláìsàn 89 pẹ̀lú olùtọ́jú wọn fún ọ̀sẹ̀ 10. Gbígbọ́ orin ran àwọn aláìsàn lọ́wọ́ (kí a má purọ́ mọ́ ẹ̀rọ), ṣùgbọ́n kíkọ orin ni ó tún mú kí ara tu àwọn olùtọ́jú.

Ọ̀rọ̀ yìí kan iṣẹ́ tiwa. Bí a bá rán akẹ́kọ̀ọ́ lọ gba orin sílẹ̀ lẹ́nu àwọn àgbà, ẹ̀rọ ni wọ́n ń gbé síwájú ìyá àgbà, wọn á sì panu mọ́ kí ohùn tiwọn má ba à wọ inú rẹ̀. Ìyá á lé e lẹ́ẹ̀kan, á lé e lẹ́ẹ̀mejì, kò sí ẹni tí ó gbè é, á dákẹ́. Akẹ́kọ̀ọ́ á wá kọ ọ́ sínú ìwé pé ìyá ti gbàgbé ìyókù.