Hadouken, Blanka àti Gbèsè Agbára

Ní ọdún 1991 ni ilé-iṣẹ́ Capcom ti ilẹ̀ Jàpáànù gbé géèmù Street Fighter II jáde. Mo fẹ́ gbé díẹ̀ nínú àwọn ọ̀nà ìjà inú rẹ̀ sórí òṣùwọ̀n fisíìsì, kí a lè mọ ibi tí àwọn tó ṣe é ti tẹ̀ lé ìṣẹ̀dá àti ibi tí wọ́n ti jẹ gbèsè.

Ẹ jẹ́ ká mú Ryu, ọ̀kan nínú àwọn oníjà géèmù náà. Ó na àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì síwájú, bọ́ọ̀lù agbára tí wọ́n ń pè ní Hadouken sì fò jáde, ó gbá alátakò ṣubú. Láti 1687 tí ìwé Isaac Newton ti jáde la ti mọ̀ pé ohun tí a bá tì yóò ti àwa náà padà. Bí Hadouken bá lè ta ọkùnrin oníkílò 70 nù débi pé yóò máa fò ní mítà 5 láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan, Ryu náà yóò jẹ irú ìtì yẹn, yóò sì fìdí janlẹ̀ àfi bí ó bá tẹsẹ̀ mọ́lẹ̀ dáadáa. Ẹnìkan lè ní ìmọ́lẹ̀ lásán ni bọ́ọ̀lù náà. Ìyẹn tún burú jù. Ìmọ́lẹ̀ a máa ti nǹkan lóòótọ́, ṣùgbọ́n ìtì rẹ̀ kéré jọjọ. Kó tó lè gbé ènìyàn nù bẹ́ẹ̀, agbára inú rẹ̀ á tó ti tọ́ọ̀nù 25 TNT tó bú gbàmù. Alátakò ti lọ nìyẹn, Ryu ti lọ, òǹwòran ti lọ.

Sonic Boom tí Guile, oníjà mìíràn, ń fi apá jù ńkọ́? Ohùn ń rin nǹkan bíi mítà 340 láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan. Ṣóńṣó pàṣán tó ń dún tàì máa ń sáré ju bẹ́ẹ̀ lọ, àmọ́ apá ènìyàn kò lè débẹ̀. Bó bá tilẹ̀ débẹ̀, ẹni tó dúró ní mítà 6 kò ní ráyè ṣẹ́jú kó tó bà á. Nínú géèmù, àyè wà láti fò ó kọjá, àyè yẹn gan-an ló sì dá ìjà sílẹ̀.

Nínú àwọn oníjà náà, Blanka ló wù mí jù. Inú igbó Amazon ní Bràsíìlì ló ti wá, iná ara rẹ̀ sì jọ ti ẹja gígùn bí ejò tó wà nínú odò ibẹ̀. Àwọn apẹja odò Ọya mọ òjìjí, tí tirẹ̀ lè tó fólítì 350. Ní 2019, àwọn onímọ̀ kéde pé àwọn wọn fólítì 860 lára ẹja Amazon kan. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún sẹ́ẹ̀lì pẹlẹbẹ ló tò tẹ̀ lé ara wọn bíi bátìrì inú tọ́ọ̀ṣì, wọ́n sì gba nǹkan bí ìdá mẹ́rin nínú márùn-ún ara ẹja náà. Ìfun àti ẹ̀dọ̀ há sẹ́bàá orí. Níbo wá ni Blanka, tó ní àyà àti ikùn bíi tiwa, kó bátìrì tirẹ̀ sí?

Síbẹ̀, fólítì 860 kò lè fo ìlàjì mìlímítà nínú afẹ́fẹ́ gbígbẹ. Ẹni tó bá kan Blanka nìkan ló yẹ kó gbọ̀n, bẹ́ẹ̀ náà ló sì rí nínú géèmù. Pikachu, ẹ̀dá inú géèmù mìíràn tó ń ju mànàmáná láti òkèèrè, kò sún mọ́ òtítọ́ tó báyìí. Ibi tí wọ́n ti yẹ̀ ni pé iná gbọ́dọ̀ rí ọ̀nà padà: láti orí ẹja, ó ń gba inú omi lọ sí ìrù. Lórí ilẹ̀ gbígbẹ, ẹni tó kàn fi ìkúùkù gbá Blanka lójú kan lè má mọ nǹkan kan lára. Zangief, oníjàkadì ará Rọ́ṣíà tó ń gbá ènìyàn mọ́ra, ló yẹ kó bẹ̀rù.

Ti Sephiroth inú géèmù Final Fantasy VII (1997) kọjá àwàdà. Ó ń mú oòrùn bú, bẹ́ẹ̀ ìràwọ̀ tó máa bú bẹ́ẹ̀ gbọ́dọ̀ wúwo tó oòrùn wa lọ́nà mẹ́jọ. Lẹ́yìn gbogbo rẹ̀, àwọn tó ń bá a jà ṣì dúró síbẹ̀.

Gbèsè tí Street Fighter II jẹ fisíìsì, àkókò àti òógùn ló fi san án. Bí Ryu bá ju Hadouken tán, kò lè mira fún ìgbà díẹ̀. Guile gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ fà sẹ́yìn. Ẹni tó fẹ́ kí Blanka tan iná gbọ́dọ̀ máa tẹ bọ́tìnnì léraléra. Sephiroth kò san kọ́bọ̀. Ní ti ọnà ìjà, Street Fighter II ni mo fi ṣáájú.