Ẹ̀rí Ló Ń Tú Sudoku: Lámèyítọ́ Lórí Àwọn Ọgbọ́n Ìjìnlẹ̀ Inú Rẹ̀

Kò sí Sudoku tó le tí kọ̀ǹpútà kò lè tú. Ètò kékeré kan tó kàn ń fi nọ́ńbà dánwò, tó ń pa èyí tó bá takora rẹ́, tó sì ń padà sẹ́yìn láti gbé òmíràn wò, yóò parí èyí tó le jù lọ kí ojú tó ṣẹ́. Ní ọdún 2000, Donald Knuth, àgbà onímọ̀ kọ̀ǹpútà ní Yunifásítì Stanford, kọ àpilẹ̀kọ lórí ọgbọ́n kan tó pè ní Dancing Links, ọ̀pọ̀ àwọn tó ń kọ ètò tó ń tú Sudoku ló sì ń lò ó títí di òní. Bó bá jẹ́ ìdáhùn nìkan là ń wá, ọ̀rọ̀ ti parí níbẹ̀. Ohun tó ṣì ń mú ènìyàn jókòó ti pátákó náà pẹ̀lú pẹ́ńsùlù lọ́wọ́ ni ẹ̀rí: kí ló fi hàn pé nọ́ńbà yìí ló yẹ níbí, tí òmíràn kò fi lè yẹ? Ẹ̀rí yìí ni mo fẹ́ fi díwọ̀n àwọn ọgbọ́n tí àwọn ọ̀jáfáfá ń lò, nítorí mo rí i pé òṣùwọ̀n tó wọ́pọ̀, ìyẹn bó ṣe ṣòro tó láti rí ọgbọ́n kan, máa ń gbé èyí tí kò tọ́ sí ìyìn ga.

Eré náà kò tíì pẹ́ láyé. Howard Garns, ayàwòrán-ilé ará Indianapolis ní Amẹ́ríkà, ló ṣe é. Ilé iṣẹ́ Dell tẹ̀ ẹ́ jáde ní 1979 pẹ̀lú orúkọ Number Place. Ní 1984, ilé iṣẹ́ Nikoli tí Maki Kaji wà lára àwọn tó dá a sílẹ̀ ní Japan mú un wọ inú ìwé ìròyìn tirẹ̀, ibẹ̀ ló sì ti gba orúkọ tí gbogbo ayé mọ̀ ọ́n sí. Wayne Gould, ọmọ New Zealand tó ti ṣe adájọ́ rí ní Hong Kong, kọ ètò kọ̀ǹpútà tó ń ṣe é, ó gbé e lọ bá The Times ti London, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀ ẹ́ ní oṣù kọkànlá ọdún 2004. Láti ìgbà náà ló ti tàn káàkiri. Òfin rẹ̀ kò ju gbólóhùn kan lọ: nọ́ńbà 1 sí 9 gbọ́dọ̀ wà lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo lórí ìlà ìbú kọ̀ọ̀kan, lórí ìlà òòró kọ̀ọ̀kan, àti nínú àpótí alàyè mẹ́sàn-án kọ̀ọ̀kan.

X-Wing ni ẹnu ọ̀nà àwọn ọgbọ́n ìjìnlẹ̀, ẹ jẹ́ kí á fi ojú sùnnùkùn wò ó. Ká sọ pé lórí ìlà ìbú kejì, àyè méjì péré ló kù tí 7 lè wọ̀, ọ̀kan lórí òòró kẹta, èkejì lórí òòró kẹjọ. Ká tún sọ pé bẹ́ẹ̀ náà ló rí lórí ìlà ìbú kẹfà. Bí wọ́n ṣe máa ń kọ́ ni ní èyí ni pé: bí 7 ti ìlà kejì bá bọ́ sórí òòró kẹta, ti ìlà kẹfà yóò bọ́ sórí òòró kẹjọ, bí ti ìlà kejì bá sì gba òòró kẹjọ, ti ìlà kẹfà yóò gba òòró kẹta, èyí tó wù kó ṣẹlẹ̀, kí á yọ gbogbo 7 yòókù tó ń dupò lórí òòró méjèèjì kúrò. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n a kò nílò bí-bá-bí-bá yẹn rárá. Ìlà méjì nílò 7 méjì. Òòró méjì péré ló lè gbà wọ́n, òòró kan kò sì lè gbà ju ẹyọ kan lọ. Nítorí náà, òòró méjèèjì ti gba tiwọn, kò sí àyè fún 7 mìíràn níbẹ̀. Gbogbo ẹ̀rí náà kò ju kíkà lọ. Ọmọ tó bá ti mọ ení, èjì, yóò rí i lójú korokoro.

Ìdí nìyí tí mo fi ń bọ̀wọ̀ fún ìdílé X-Wing ju bí wọ́n ṣe máa ń bọ̀wọ̀ fún un lọ. Swordfish jẹ́ kíkà kan náà pẹ̀lú ìlà mẹ́ta àti òòró mẹ́ta. Jellyfish jẹ́ ti mẹ́rin. Wọ́n ń ṣòro sí i láti rí, òótọ́ ni, nítorí pé ojú gbọ́dọ̀ kó ìlà tó jìnnà síra pọ̀, àti pé ìlà kan lè má ní ju àyè méjì nínú mẹ́ta tàbí mẹ́rin tó yẹ. Síbẹ̀ ẹ̀rí náà kò fi ọ̀nà kankan nípọn sí i. Ìdílé náà sì ní òpin tó dára gan-an: kò sí ìdí láti wá ti márùn-ún. Bí 7 bá ṣì ń wá àyè lórí gbogbo ìlà, tí a sì rí ìlà ìbú márùn-ún tí 7 wọn kò jáde kúrò lórí òòró márùn-ún, òòró mẹ́rin tó ṣẹ́kù kò ní ibòmíràn tí wọn yóò ti rí 7 àfi lórí ìlà ìbú mẹ́rin tó ṣẹ́kù. Jellyfish ti wà nínú rẹ̀ láti ẹ̀yìn. Ẹni tó bá yí pátákó náà sí òòró yóò rí i.

XY-Wing gba ọ̀nà mìíràn. Àyè kan wà tó jẹ́ pé 3 àti 5 nìkan ló ń dupò nínú rẹ̀. Àyè kan lórí ìlà ìbú rẹ̀ ní 3 àti 8; òmíràn nínú àpótí rẹ̀ ní 5 àti 8. Bí ti àkọ́kọ́ bá jẹ́ 3, ti orí ìlà di 8. Bó bá jẹ́ 5, ti inú àpótí di 8. Ọ̀kan nínú àwọn méjèèjì yóò jẹ́ 8 dandan, àyè èyíkéyìí tó bá dojú kọ àwọn méjèèjì kò sì lè jẹ́ 8 mọ́. Kíkà nìkan kò tó níbí. A ti bẹ̀rẹ̀ sí í sọ pé bí èyí bá rí báyìí, ìyẹn yóò rí bẹ́ẹ̀. Bí a bá fa ọ̀rọ̀ náà gùn, ó di ẹ̀wọ̀n: bí nọ́ńbà yìí kò bá jẹ́ òótọ́, èyí tó kàn gbọ́dọ̀ jẹ́ òótọ́, bí ìyẹn bá jẹ́ òótọ́, èyí tó tẹ̀lé e kò lè jẹ́ òótọ́, títí dé ìparí. Ohun tó gba ẹ̀wọ̀n tó mọ́ là lójú mi ni pé a lè kà á láti orí, a sì lè kà á láti ìdí, ibì kan náà ni yóò gbé wa dé: ó kéré tán, ọ̀kan nínú etí rẹ̀ méjèèjì jẹ́ òótọ́. Kò sí irọ́ kankan tí a ní láti kọ sílẹ̀ ká tó dé ibẹ̀.

Nishio, tí wọ́n fi orúkọ Tetsuya Nishio ará Japan pè, kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹ mú nọ́ńbà kan, ẹ gbé e sí àyè kan bí ẹni pé òun ló yẹ, ẹ máa tọ ipasẹ̀ rẹ̀ káàkiri pátákó títí ìlà tàbí àpótí kan kò fi ní ríbi fi nọ́ńbà náà sí mọ́. Ó takora, nítorí náà kò yẹ níbẹ̀; ẹ pa á rẹ́. Àwọn tó ń gbèjà rẹ̀ sọ pé ẹ̀rí ni ìtakora, àti pé ẹ̀wọ̀n náà, bí a bá tú u wò dáadáa, ìtakora ló wà nídìí rẹ̀. Mo gbà pé ẹ̀rí náà dúró. Ẹ̀sùn mi ni pé kò kọ́ wa ní ohunkóhun nípa pátákó náà. Gbogbo ohun tí a kọ lójú ọ̀nà ni a ní láti parẹ́, ẹyọ ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ló sì kù lọ́wọ́ wa: kì í ṣe eléyìí. Ìdí tí kì í fi í ṣe eléyìí ti bá èyí tí a parẹ́ lọ. Níbi ìdíje, n kò ní bá ẹnikẹ́ni jà lórí rẹ̀. Nígbà tí wọ́n ṣe ìdíje àgbáyé àkọ́kọ́ ní Lucca ní Ítálì ní 2006, èyí tí Jana Tylová láti orílẹ̀-èdè Czech gbégbá orókè nínú rẹ̀, aago ló ń darí ohun gbogbo. Ẹni tó bá tètè parí ló borí, kò sí ẹni tó ń bèèrè bó ṣe rìn ín. Nínú ilé ẹni, níbi tí kò sí aago, ọ̀rọ̀ yàtọ̀.

Àwọn Sudoku kan wà tí a kò lè tú láìlo ẹ̀wọ̀n gígùn tó ń bí ẹ̀wọ̀n mìíràn. AI Escargot tí Arto Inkala ará Finland gbé jáde ní 2006 jẹ́ ọ̀kan lára wọn. Lẹ́tà méjì àkọ́kọ́ nínú orúkọ rẹ̀ ni ìbẹ̀rẹ̀ orúkọ Inkala fúnra rẹ̀. X-Wing àti XY-Wing kò lè tú u. Mo ka irú Sudoku bẹ́ẹ̀ sí iṣẹ́ ìwádìí, n kò kà á sí iṣẹ́ ọnà. Ibi tí agbára ènìyàn mọ ló ń dán wò, kò bìkítà bóyá ohun kan wà fún ojú láti rí.

Sudoku Explainer, ètò kọ̀ǹpútà tí Nicolas Juillerat kọ, tó ń fi nọ́ńbà díwọ̀n bí Sudoku ṣe le tó, ti mú kí àṣìlóye pé ọgbọ́n tó ṣòro jù ló tọ́ sí ìyìn jù gbilẹ̀. Nínú tábìlì rẹ̀, X-Wing gba 3.2, Swordfish gba 3.8, Jellyfish gba 5.2, Nishio sì bẹ̀rẹ̀ láti 7.5. Tábìlì náà wúlò púpọ̀ fún ẹni tó fẹ́ mọ bí iṣẹ́ tó wà níwájú rẹ̀ ṣe wúwo tó. Ṣùgbọ́n àwọn òǹkàwé ń kà á bí ẹni ń ka ipò oyè, wọ́n ń rò pé ẹni tó lo ọgbọ́n oní-7.5 ti ju ẹni tó lo ti oní-5.2 lọ. Òdìkejì gan-an ló máa ń jẹ́. Ẹni tó fi Jellyfish yọ nọ́ńbà kan lè ṣàlàyé rẹ̀ fún ẹni tó jókòó tì í láìkọ ohunkóhun sílẹ̀.

Ibi tí àríyànjiyàn ti gbóná jù lọ ni Unique Rectangle. Àyè mẹ́rin dúró ní igun mẹ́rin, lórí ìlà ìbú méjì àti òòró méjì, wọ́n sì pín sínú àpótí méjì péré. Mẹ́ta nínú wọn ní 2 àti 9 nìkan. Ẹ̀kẹrin ní 2, 9 àti 4. Bí ẹ̀kẹrin kò bá jẹ́ 4, a jẹ́ pé 2 àti 9 nìkan ló gba àyè mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, a sì lè pààrọ̀ wọn fún ara wọn láìba òfin kankan jẹ́. Sudoku náà yóò ní ìdáhùn méjì. Sudoku tó péye kì í ní ìdáhùn méjì. Nítorí náà, 4 ni.

Ó yára, ó mọ́, ó sì ní gbòǹgbò tó jìn ju bí ọ̀pọ̀ àwọn tó ń lò ó ṣe rò lọ. Ní 2012, Gary McGuire àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní University College Dublin kéde pé kò sí Sudoku oní-nọ́ńbà 16 tó lè ní ìdáhùn kan ṣoṣo. 17 ló kéré jù. Nǹkan bíi wákàtí mílíọ̀nù 7 ni iṣẹ́ náà gbà, bí a bá ro iṣẹ́ gbogbo ojú ìṣirò kọ̀ǹpútà náà pọ̀. Ohun tí wọ́n fi ṣe é ni àkójọ àwọn àyè tí a lè pààrọ̀ nọ́ńbà inú wọn bẹ́ẹ̀: nọ́ńbà tí a fún ni gbọ́dọ̀ wọ inú ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ ìdáhùn yóò di méjì. Igun mẹ́rin ti Unique Rectangle ló kéré jù lọ nínú wọn.

Síbẹ̀, ohun kan náà kọ́ ni wọ́n fi ń ṣe lọ́wọ́ méjèèjì. Lọ́wọ́ McGuire, bóyá ìdáhùn jẹ́ ẹyọ kan ni ìbéèrè. Lọ́wọ́ ẹni tó ń tú Sudoku, a ti gbà bẹ́ẹ̀ kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀, lórí ọ̀rọ̀ ẹni tó ṣe é. Ó dà bí adájọ́ tó dá ẹjọ́ ẹ̀bi nítorí pé ọlọ́pàá kì í mú aláìṣẹ̀: ó lè jẹ́ pé ẹni náà jẹ̀bi lóòótọ́, ṣùgbọ́n kò sí ẹ̀rí kankan nínú ilé ẹjọ́ tó fi hàn bẹ́ẹ̀. Ẹni tó lo Unique Rectangle ti rí ìdáhùn kan tó tọ̀nà. Kò tíì fi hàn pé òun nìkan ló wà. Ẹni tó lo Swordfish àti ẹ̀wọ̀n dé ìparí ti fi méjèèjì hàn. Ìyàtọ̀ yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìfẹ́ ọkàn, bí àwọn kan ṣe máa ń sọ. Ó jẹ́ ìyàtọ̀ nínú ohun tí a ti fi ẹ̀rí rẹ̀ hàn.

Ó ku èyí tí mo gbé sókè ju gbogbo wọn lọ. Phistomefel ni orúkọ tí ará Jámánì kan tó ń ṣe Sudoku ń jẹ́ láàárín àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀. Òrùka Phistomefel sọ pé nọ́ńbà mẹ́rìndínlógún tó wà ní kọ̀rọ̀ mẹ́rin pátákó, mẹ́rin mẹ́rin ní kọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan, jẹ́ ọ̀kan náà pẹ̀lú nọ́ńbà mẹ́rìndínlógún tó yí àpótí àárín ká. Bí kọ̀rọ̀ bá ní 5 mẹ́ta, òrùka ní 5 mẹ́ta. Àwọn tó ń wo Cracking the Cryptic, ìkànnì fídíò tí Simon Anthony àti Mark Goodliffe ń ṣe ní Ìlú Ọba, mọ̀ ọ́n dáadáa.

Ẹ wo bí ẹ̀rí rẹ̀ ṣe rí. Ẹ kó òòró kìíní, ìkejì, ìkẹjọ àti ìkẹsàn-án pọ̀. Nọ́ńbà 1 sí 9 wà nínú wọn lẹ́ẹ̀mẹ́rin. Ẹ wá kó ìlà ìbú kẹta, ìlà ìbú keje, àpótí àárín apá òsì àti àpótí àárín apá ọ̀tún pọ̀. 1 sí 9 wà nínú àwọn náà lẹ́ẹ̀mẹ́rin. Àkójọ méjèèjì pàdé ní ogún àyè. Ẹ yọ ogún àyè yẹn kúrò nínú méjèèjì. Ohun tó kù nínú àkójọ àkọ́kọ́ ni kọ̀rọ̀ mẹ́rin. Ohun tó kù nínú èkejì ni òrùka. Ohun tó dọ́gba, tí a yọ ohun kan náà kúrò lára rẹ̀, dọ́gba síbẹ̀.

A kò tíì kọ nọ́ńbà kankan. A kò ka èyí tó ń dupò, a kò dá àbá, a kò gbọ́kàn lé ẹnikẹ́ni. Bertram Felgenhauer àti Frazer Jarvis ṣírò rẹ̀ ní 2005 pé ọ̀nà tí a lè gbà kún pátákó Sudoku jẹ́ 6,670,903,752,021,072,936,960. Òrùka yìí jẹ́ òótọ́ lórí gbogbo wọn pátá. Nínú Sudoku lásán, kì í sábà yọ nọ́ńbà kankan kúrò; inú àwọn èyí tí wọ́n fi òfin kún ló ti ń ṣiṣẹ́ jù. N kò ka ìyẹn sí àbùkù. Kíkà tó wà nínú X-Wing náà ló wà nínú rẹ̀, ó kàn gba gbogbo pátákó ni.

Nítorí náà, mo bẹ ẹ̀yin tó ń kọ́ ọmọdé àti àgbà ní Sudoku: ẹ fi kíkà kọ́ wọn ní X-Wing, kí ẹ fi òrùka Phistomefel tẹ̀lé e, kí ẹ tó fi ẹ̀wọ̀n hàn wọ́n rárá. Bí ẹ bá sì dé orí Unique Rectangle, ẹ sọ fún wọn ní gbangba pé ọ̀rọ̀ ẹni tó ṣe Sudoku náà ni wọ́n gbé lé.