Ìdànrè Inú Ìwé àti Ìdànrè Àwọn Àgbà

Akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì tí kò fi ojú kan Ìdànrè rí lè mọ orúkọ ìlú náà dáadáa. Láti ọdún 1967 tí Wọlé Ṣóyínká ti tẹ ìwé ewì rẹ̀, Idanre and Other Poems, jáde ni wọ́n ti ń ka orúkọ òkè náà nílé àti lókè-òkun. Ewì ńlá ni. Ẹni tí ó bá ní kì í ṣe bẹ́ẹ̀, iyàn ni ó ń wá. Ṣùgbọ́n Ògún ni olórí ewì náà, èdè Gẹ̀ẹ́sì ni akéwì sì fi kọ ọ́. Orósùn, òrìṣà tí àwọn ará Ìdànrè ń ṣe ọdún rẹ̀, tí òkè kan sì ń jẹ́ orúkọ rẹ̀, kọ́ ni ó bá débẹ̀. Akéwì kò jẹ̀bi. Yunifásítì tí ó fi ewì rọ́pò ìmọ̀ ìlú ni ẹjọ́ kàn.

Ẹ̀kọ́ nípa ìṣe àti àṣà àwọn onílẹ̀ kì í ṣe ohun tuntun ní yunifásítì. Ní 1948 ni Melville Herskovits dá ẹ̀ka ẹ̀kọ́ nípa Áfíríkà sílẹ̀ ní Northwestern, ní Amẹ́ríkà. Ìbàdàn dá tirẹ̀ sílẹ̀ ní 1962. Bẹ́ẹ̀ ni N. A. Fadipe, ọmọ Yorùbá, ti gba oyè ọ̀mọ̀wé ní Lọ́ńdọ̀nù láti 1939 pẹ̀lú iṣẹ́ lórí ìgbé-ayé àwọn ènìyàn rẹ̀. Ó kú ní 1944. Iṣẹ́ náà kò di ìwé títí di 1970. Bí ọ̀rọ̀ ọmọ onílẹ̀ tí ó gboyè bá lè sùn fún ọdún 31, kí ni kí àgbà tí kò mọ̀wé máa retí?

Ìwà kan wà tí ó burú ju ìgbàgbé lọ. Akẹ́kọ̀ọ́ yóò gun àtẹ̀gùn 667 náà, yóò ya àwòrán ààfin àtijọ́ ti Ọwá àti ilé ẹjọ́ tí ó wà lókè, yóò wá bi àgbà ní ìbéèrè ní Yorùbá ilé-ìwé. Àgbà, nítorí ọ̀yàyà, yóò fi èdè àlejò dáhùn. Níbẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti ń bọ́ sọnù. Ufẹ̀kẹ̀ ni àwọn ará Ìdànrè ń pe ara wọn; ṣùgbọ́n Yorùbá ilé-ìwé kò gba “u” ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀, òǹkọ̀wé a sì máa fẹ́ “tún un ṣe”. Tí ó bá délé, yóò kọ ọ́ pé, “Àwọn Yorùbá gbàgbọ́ pé…” Yorùbá wo? Àgbà tí ó ni ìmọ̀ yóò wá di ẹni tí wọ́n fi ọ̀rọ̀ wá lẹ́nu wò, ní ojú-ìwé tí ó kẹ́yìn.

Ó yẹ kí wọ́n kà irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ sí etí àwọn tí ó ni ín, ní èdè Ìdànrè gan-an, kí oyè tó jáde. Ìyẹn kò tilẹ̀ gba òkè gígùn, nítorí láti 1923 ni ìlú ti sọ̀ kalẹ̀. Ní ìsàlẹ̀, ní Odòde, ni àwọn àgbà náà wà.