Àpọ̀jù Ọ̀rọ̀ àti Àṣìpè: Èwo Ni Ká Tún Ṣe, Èwo Ni Ká Fi Sílẹ̀?

Àwọn àgbà ní àbọ̀ ọ̀rọ̀ ni à ń sọ fún ọmọlúwàbí, bó bá dé inú rẹ̀ a di odindi. Lóde òní, odindi pẹ̀lú ààbọ̀ ni ọ̀pọ̀ wa ń sọ. Ẹ dúró lẹ́nu géètì Ìbà Housing Estate láàárọ̀, ẹ ó gbọ́ kọ̀ndọ́kítọ̀ tí ń ké sí dírẹ́bà pé kó "rìfáàsì padà sẹ́yìn". Ẹlòmíràn á ní òun ti wà níbẹ̀ "since láti àárọ̀". Akẹ́kọ̀ọ́ á ní "Yunifásítì LASU" ni òun ń lọ, bẹ́ẹ̀ láti 1983 tí wọ́n ti dá ilé-ẹ̀kọ́ náà sílẹ̀, Yunifásítì ni U tó kẹ́yìn orúkọ rẹ̀ dúró fún. "Ẹ̀rọ ATM" náà kò yàtọ̀: ẹ̀rọ ni M ìparí rẹ̀.

Kí àwa Mùsùlùmí má ṣe rò pé ọ̀rọ̀ ará ìta nìkan nìyí. A ń pe "òru Lailatul-Qadri", òru sì ni "lailat". A ń kí ara wa kú "ọdún Íìdì", ọdún sì ni "Íìdì". Bí ẹni tí ń darí ètò bá gba makirofóònù, á ní "ṣùgbọ́n àmọ́", á sì ṣèlérí pé a ó "tún padà ṣe é lẹ́ẹ̀kan sí i".

Kí ló fà á? Ọ̀rọ̀ àyálò dà bí àlejò tí a kò gbọ́ èdè rẹ̀. Nítorí pé a kò mọ ìtumọ̀ rẹ̀, a fi ọ̀rọ̀ ilé tì í lẹ́gbẹ̀ẹ́ kó lè ṣe ògbufọ̀ rẹ̀. Kì í ṣe ìwà òmùgọ̀. Ẹni tí a bá ṣàlàyé fún á fi í sílẹ̀, ẹni tí a bá fi ṣe yẹ̀yẹ́ á tẹra mọ́ ọn.

Kì í sì í ṣe gbogbo àwítúnwí ni àpọ̀jù. Ẹni tó bá ní kí a má pè é ní "oṣù Ramadan" mọ́, kó ṣí Suratul-Baqarah, ẹsẹ 185. Ọ̀rọ̀ tó túmọ̀ sí oṣù ló ṣáájú Ramadan níbẹ̀. Nínú Yorùbá náà, "ọ̀kan" kì í ṣe "ọ̀kọ̀ọ̀kan". Àwítúnwí tó bá fi ìtumọ̀ kún ọ̀rọ̀ ní iṣẹ́ tó ń ṣe.

Bẹ́ẹ̀ náà ni ọ̀rọ̀ àṣìpè rí. Ìlú Àwórì ni Ìbà, ohùn ìsàlẹ̀ méjèèjì ni a fi ń pè é. Nítorí pé kò sí àmì ohùn lórí pátákó, àlejò a máa pè é ní ibà, ó sì sọ ìlú di àìsàn! Èyí yẹ ní títúnṣe. Nínú kíké Al-Kùránì pẹ̀lú, ọkàn ni "qalb", ajá ni "kalb". Ẹ ò rí i pé ó yẹ kí a kọ́ ibi tí lẹ́tà kọ̀ọ̀kan ti ń jáde?

Ṣùgbọ́n "sàká", "Sẹ́nábù" àti "Àdíjá" ńkọ́? Lẹ́tà 25 ni álífábẹ́ẹ̀tì Yorùbá ní, kò sí "z" níbẹ̀, kò sì sí "kh". Àwọn baba wa gbà wọ́n sí ẹnu bí ẹnu wọn ti gbà á. Bẹ́ẹ̀ náà ni "àlàáfíà" àti "alùbáríkà" ṣe wọlé, kò sì sí ẹni tí ń fi wọ́n rẹ́rìn-ín. Nínú ẹ̀sítéètì tí ìjọba Alhaji Lateef Jakande (1979–1983) kọ́ yìí, Yorùbá, Ègùn àti Ígbò ń gbé pọ̀, oníkálukú pẹ̀lú ohùn ilé rẹ̀. Suratur-Rum, ẹsẹ 22, ka ìyàtọ̀ ahọ́n mọ́ àmì Ọlọ́hun.

Ohun tó ń dùn wá jù ni ẹ̀rín. Ọmọ tó ti ilé-kéwú dé, tó ń dá Màmá àgbà lóhùn láàárín èrò pé "ẹ ẹ̀ pè é dáadáa", lè mú kí ìyá náà má ké Fátíhà sókè mọ́ títí ayé. Ọmọdé tí ẹgbẹ́ rẹ̀ bá fi ṣẹ̀sín lè pa wàláà tì. Nínú hadīth tí Aishah gbà wá, tí Bukhari àti Muslim kọ sílẹ̀, Ànábì (kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a) fún ẹni tí ń ké Al-Kùránì pẹ̀lú ìnira ní ìró ẹ̀san méjì. Ta wá ni àwa tí a ó fi irú ẹni bẹ́ẹ̀ rẹ́rìn-ín?

Nítorí náà, ẹ̀yin ọ̀dọ́, ohun tó bá yí ìtumọ̀ padà ni kí ẹ tún ṣe, ní kọ̀rọ̀, pẹ̀lú "ẹ jọ̀ọ́ mà" àti "ẹ jọ̀ọ́ sà". Ẹ̀yin òbí, ẹ gbà bí ọmọ bá ṣàlàyé pẹ̀lú ọ̀wọ̀. Ohun tó bá jẹ́ ohùn ilé ẹni, ẹ fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Kí Ọlọ́hun tú kókó ahọ́n wa, kó sì fi ọ̀rọ̀ tútù sí wa lẹ́nu. Àmín.