Ẹnu Ló Ń Gbé Àmì Ìdílé Ró

Ẹni tó bá wọ ọjà Agbogbloshie ní Accra, lẹ́bàá odò Odaw, kò ní rìn jìnnà kí ó tó rí Gye Nyame. Ó wà lára aṣọ, ó wà lára ọkọ̀ akẹ́rù, wọ́n sì dá a lu sí ẹ̀yìn àga oníke tí àwọn oníṣu ń jókòó lé. Àmì àwọn Àkán ni, ó ń sọ títóbi Ọlọ́run. Ṣùgbọ́n bó ti gbajúmọ̀ tó yẹn, kò lè sọ ìdílé ẹni tó ni àga fún wa. Ẹnikẹ́ni tó bá lówó lọ́wọ́ ló lè rà á. Ohun tó ń sọ ìdílé ènìyàn ládùúgbò yìí kan náà, etí ló ń gbà wọlé. Àwọn Dàgómbà tó ti àríwá Gánà wá, tí wọ́n pọ̀ ní Agbogbloshie àti ní Old Fadama tó tì í, ní ìran onílù tí wọ́n ń pè ní lunsi. Ìlù wọn jọ gángan tiwa: awọ bò ó lójú méjèèjì, ọṣán yí i ká, abẹ́ apá ni wọ́n ti ń fún un kí ó lè fọhùn. Níbi ìnáwó, onílù á dojú kọ ọmọ ènìyàn, á máa ki í, á máa to àwọn baba ńlá rẹ̀ tó jọba ní Dagbon, ilẹ̀ àwọn Dàgómbà, lẹ́sẹẹsẹ.

Ibi tí ọ̀rọ̀ mi dúró lé nìyí: kì í ṣe ẹwà àwòrán ló ń mú àmì ìdílé wà láàyè, kì í sì í ṣe ìwé àṣẹ. Níbi tí ẹnìkan bá wà tó ní ẹ̀tọ́ láti fi ẹnu sọ ọ́, tó sì jẹ́ ojúṣe rẹ̀ láti máa sọ ọ́, ibẹ̀ ni àmì ti ń mí. Òṣùwọ̀n yìí ni mo fẹ́ fi wọn iṣẹ́ ọnà àmì ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ti Gánà, àti tiwa.

Ní ọgọ́rùn-ún ọdún kejìlá ni àwọn jagunjagun ẹlẹ́ṣin Yúróòpù bẹ̀rẹ̀ sí í kun asà wọn ní àwọ̀ àti àwòrán tí ọmọ ń jogún lọ́wọ́ baba. Níbi ìdíje wọn, akéde ló ń kígbe orúkọ, òun ló mọ ẹni tó ni asà kọ̀ọ̀kan. Iṣẹ́ ẹnu ni iṣẹ́ akéde nígbà náà. Ní 1484, Ọba Richard Kẹta ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fún àwọn akéde ní ìwé àṣẹ láti di ẹgbẹ́ kan, ẹgbẹ́ náà sì wà ní London títí di òní. Láti 1530 dé 1688, àwọn akéde ń lọ láti ìpínlẹ̀ dé ìpínlẹ̀, wọ́n ń pe àwọn onílé ńlá kí wọ́n wá fi ẹ̀rí ìran wọn hàn. Ẹni tí ẹ̀rí rẹ̀ bá dúró, orúkọ rẹ̀ wọ ìwé. Ẹni tí tirẹ̀ kò bá dúró, wọ́n á kéde ní gbangba pé kì í ṣe ọmọ ọlọ́lá, wọ́n sì láṣẹ láti pa àwòrán tó ń lò rẹ́. Díẹ̀díẹ̀ ni ìwé gba ipò ẹnu.

Ìwé lágbára lóòótọ́, ṣùgbọ́n ìwé kì í tijú. John Hawkins, ọmọ ìdílé olókòwò ní Plymouth, ìpínlẹ̀ Devon, gbéra lọ sí etíkun Sierra Leone ní 1562, ó sì kó nǹkan bí ọ̀ọ́dúnrún ọmọ Áfríkà lẹ́rú lọ tà ní erékùṣù Hispaniola. Ní 1565, wọ́n fún un ní àmì. Ohun tí wọ́n yà sórí rẹ̀, lókè asà, ni aláwọ̀ dúdú kan láti ìbàdí sókè, tí wọ́n fi okùn dè. Gẹ́gẹ́ bí iṣẹ́ ọnà, kò sí òfin akéde kan tó rú: ó wà níbi tó yẹ kí ó wà, ó rọrùn láti dá mọ̀, ó sọ ohun tí oní-nǹkan fi di olówó. Ìran Hawkins wà nínú ìwé di òní. Ẹni tí wọ́n dè mọ́ orí asà rẹ̀ kò ní orúkọ, kò ní ìran, kò sì sẹ́ni tó ń ki í. Ìdí nìyí tí n kò fi lè gbà pé ẹwà àti òfin nìkan tó láti fi ṣe ìdájọ́ àmì.

Ẹ jẹ́ ká fi erin méjì wé ara wọn. Royal African Company, ilé-iṣẹ́ tó kọ́ James Fort sí Accra ní 1673 tó sì ń ṣòwò wúrà àti ẹrú, fi erin tó gbé ilé olódi sẹ́yìn ṣe àmì. Wọ́n tẹ erin náà sára owó wúrà tí wọ́n ń pè ní guinea. Àwọn Gá, tí wọ́n ni ilẹ̀ Accra, ní erin tiwọn: ẹtu ló dúró lé e lẹ́yìn. Erin ti ilé-iṣẹ́ ń fi agbára hàn, ó sì parí síbẹ̀. Ti Gá ń bi wá ní ìbéèrè: báwo ni ẹran kékeré ṣe dé ẹ̀yìn àjànàkú? Wọ́n á ní ọgbọ́n ló gbé e débẹ̀, kì í ṣe agbára. Àwòrán tó ń béèrè ìdáhùn báyìí kò lè pé láìsí ẹni tó máa dá a lóhùn.

Àwọn Fàntì, ní etíkun ìwọ̀-oòrùn Accra, ló mú ọnà yìí dé góńgó. Asafo ni ẹgbẹ́ ológun ìlú wọn. Ẹgbẹ́ baba ni ọmọ ń bá ṣe, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọ̀dọ̀ ìyá ni wọ́n ti ń jogún ìdílé. Ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan ní nọ́mbà, àwọ̀ àti àwòrán tirẹ̀. Bí wọ́n bá fi olórí ogun tuntun jẹ, ó ní láti ṣe àsíá, àsíá náà á sì di ti ẹgbẹ́. Aránṣọ á gé aṣọ aláwọ̀ oríṣiríṣi ní méjì-méjì, á rán wọn mọ́ ojú méjèèjì àsíá, kí àwòrán tó wà níhìn-ín lè wà lọ́hùn-ún. Ní igun òkè, àsíá Gẹ̀ẹ́sì ló máa ń wà níbẹ̀ kí Gánà tó gba òmìnira ní 1957. Lẹ́yìn náà, ti Gánà. Mú èyí tó ní ọ̀nì láàrin ẹja: bí ẹja inú odò bá sanra, ọ̀nì tó jọba lódò ló ń sanra fún. Ẹgbẹ́ tó gbé e jáde ń sọ fún ẹgbẹ́ kejì pé, "Abẹ́ wa lẹ wà." Ẹni tó ń jó àsíá náà á máa yí i lápá, á máa gbà á lábẹ́ itan, ìlù àti orin á máa tì í lẹ́yìn. Gbogbo ìlú ló mọ ẹni tí ọ̀rọ̀ ń bá wí.

Nítorí náà ni ìjà fi máa ń bẹ́ sílẹ̀ bí ẹgbẹ́ kan bá lo àwòrán ẹgbẹ́ mìíràn, débi pé ìjọba amúnisìn ní láti dá sí ọ̀rọ̀ irú àsíá tí wọ́n lè gbé jáde. Bẹ́ẹ̀ náà ni ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ní 1954, ilé ẹjọ́ tó ń gbọ́ ẹjọ́ asà jókòó lẹ́yìn ohun tó ju igba ọdún lọ, nítorí pé gbọ̀ngàn eré ìtàgé kan ní Manchester ń lo àmì ìlú náà. Ìlú ló jàre. Lọ́dọ̀ àwọn Gẹ̀ẹ́sì, agbẹjọ́rò ló gba àmì sílẹ̀. Lọ́dọ̀ àwọn Fàntì, ẹgbẹ́ tí wọ́n bú ló dìde.

Ìyàtọ̀ mìíràn ni ọ̀nà tí àmì ń gbà dọ́wọ́ ọmọ. Asà Gẹ̀ẹ́sì, ọ̀dọ̀ baba ló ti ń wá, àkọ́bí ọkùnrin ló sì ń gbé e bí ó ti wà. Lọ́dọ̀ àwọn Àkán, ọ̀dọ̀ ìyá ni. Oyoko ní àṣá, Bretuo ní ẹkùn, Aduana ní ajá tó gbé iná sẹ́nu. Gbogbo ọmọ tí obìnrin ìdílé náà bá bí ló ni ín, kò sí pé àgbà tàbí àbúrò. Àwọn Gá náà ní òfin tiwọn. Ní Teshie, níbi tí gbẹ́nàgbẹ́nà Kane Kwei ti sọ pósí tó ní ìrísí ẹja, ọkọ̀ àti kòkó di olókìkí, ẹnikẹ́ni kọ́ ni wọ́n ń sin sínú èyí tó ní ìrísí kìnnìún tàbí akàn tó jẹ́ àmì ìdílé. Olórí ìdílé náà ló tọ́ sí. Àwọn tó wo pósí wọ̀nyí níbi ìpàtẹ ńlá ní Paris ní 1989 rí iṣẹ́ ọwọ́ gbẹ́nàgbẹ́nà. Òfin tó wà lẹ́yìn rẹ̀ kò sí lójú igi.

Ní báyìí, ẹ jẹ́ ká wo òǹtẹ̀ orílẹ̀-èdè Gánà. Amon Kotei, ọmọ Gá láti ìlú La, ló yà á. Wọ́n fọwọ́ sí i ní ọjọ́ 4 oṣù kẹta 1957, ọjọ́ méjì kí òmìnira tó dé. Asà aláwọ̀ sánmà ni, àgbélébùú aláwọ̀ ewé pín in sí mẹ́rin, kìnnìún wúrà wà láàrin. Ilé olódi Osu, igi kòkó àti ibi ìwakùsà wúrà gba ìdá mẹ́ta. Idì méjì dì í mú, ìràwọ̀ dúdú wà lókè, ọ̀rọ̀ òmìnira àti ìdájọ́ òdodo wà nísàlẹ̀ ní èdè Gẹ̀ẹ́sì. Iṣẹ́ tó mọ́ ni, ọwọ́ tó yà á sì dá ṣáká. Síbẹ̀ gírámà Gẹ̀ẹ́sì ló fi sọ̀rọ̀. Kòkó àti wúrà ń sọ ohun tí orílẹ̀-èdè ní. Wọn kò sọ irú ènìyàn tí àwọn ọmọ rẹ̀ jẹ́.

Ìdá kan ṣoṣo ló yàtọ̀, èyí tó wà lókè lápá òsì ẹni tó ń wò ó: idà oyè àti ọ̀pá òkyeame. Òkyeame ni agbẹnusọ ọba Àkán. Kò sẹ́ni tí ń bá ọba sọ̀rọ̀ láìgba ẹnu rẹ̀. Orí ọ̀pá rẹ̀ ni wọ́n ń gbẹ́ òwe sí, bí ọwọ́ tó di ẹyin mú: bí a bá fún agbára mọ́ra jù, á fọ́, bí a bá dẹwọ́ jù, á jábọ́. Bí Kotei ṣe fi ọ̀pá yìí sínú asà ni mo kà sí ohun tó jinlẹ̀ jù nínú iṣẹ́ rẹ̀, nítorí ó fi àyè sílẹ̀ fún ẹnu láàrin àmì tí ìwé gbé kalẹ̀.

Àwa Yorùbá ní ẹ̀kọ́ láti kọ́ níbẹ̀. Oríkì orílẹ̀ ni àmì ìdílé tiwa. Òpómúléró, Olúfẹ̀, Oníkòyí: bí wọ́n bá ti pe orúkọ wọ̀nyí, òpó, erin, ogun àti èèwọ̀ ti dìde níwájú ẹni tó gbọ́. Adébóyè Babalọlá ṣe wá lóore nígbà tó tẹ Àwọn Oríkì Orílẹ̀ jáde ní 1967, ṣùgbọ́n ìwé kò lè ki ọmọ láàárọ̀ kí orí rẹ̀ wú. Ó dùn mí pé bí ẹgbẹ́ ọmọ ìlú tàbí ilé ìwé wa bá fẹ́ ṣe àmì lónìí, asà Gẹ̀ẹ́sì, kìnnìún méjì àti ọ̀rọ̀ Látìnì ni wọ́n máa ń kó jọ. Kìnnìún wo ló wà nínú oríkì ìlú náà?

Kí ayàwòrán tó mú pẹ́ńsù, kí ó kọ́kọ́ lọ jókòó ti àwọn onírárà, àwọn onílù àti àwọn ìyá tó ṣì mọ oríkì ilé. Kí ó béèrè ohun tí wọ́n fi ń ki àwọn ènìyàn náà, àti ẹni tó ní ẹ̀tọ́ láti kì wọ́n. Bí ọ̀rọ̀ náà bá jáde, àwòrán á rí ibi dúró sí. Bí kò bá tíì jáde, kí wọ́n má tíì ya ohunkóhun.