Ṣé Ìwé Ìbéèrè Náà Mọ Ọmọ Wa?

Ìwé ìbéèrè kan wà tí wọ́n ń pè ní M-CHAT-R. Diana Robins àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Amẹ́ríkà ló ṣe é, láti fi tètè fura sí ọ́tísíìmù lára ọmọdé. Ìbéèrè 20 ló wà níbẹ̀. Òbí ọmọ oṣù 16 sí 30 á dáhùn bẹ́ẹ̀ ni tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́. Bí ìdáhùn tó ń kọni lóminú bá tó 3, wọ́n á tún bi òbí síwájú sí i. Bó bá tó 8, kí ọmọ lọ fún àyẹ̀wò kíkún ló kù. Ìwé náà kì í dájọ́ pé ọmọ ní in.

Ọ̀fẹ́ ni, kì í sì í pẹ́. Àmọ́ ibì kan wà tí kò bá wa mu. Ó béèrè bóyá ọmọ máa ń díbọ́n, bíi kó mu nínú ife òfìfo tàbí kó fún ọmọlángidi lóúnjẹ. Ìyá tí kò ra ọmọlángidi rí lè ní bẹ́ẹ̀ kọ́, nígbà tí ọmọ rẹ̀ ń fi iyanrìn ro ọkà, tó sì pọn bàtà sẹ́yìn. Ẹni tó máa túmọ̀ ìwé yìí gbọ́dọ̀ mọ eré ọmọ wa, kì í ṣe èdè nìkan.

Ṣùgbọ́n ẹ má jẹ́ ká fi àṣà bojú o. Ó tún béèrè bóyá ọmọ ń wo òbí rẹ̀ lójú. Àwọn kan á ní ọmọ Yorùbá tó gbẹ́kọ̀ọ́ kì í wo àgbà lójú. Ẹ gbọ́ ná: ta ló ti kọ́ ọmọ ọdún kan ààbọ̀ níyẹn? Ọmọ ọmú ojú ìyá rẹ̀ ló ń wò. Ìbéèrè yẹn bá wa mu.

Àwa ará Sókótó tún ní tiwa: Yorùbá nílé, Haúsá ládùúgbò, Gẹ̀ẹ́sì ní jẹ́lé-ó-sinmi. Bí ọmọ ò bá sọ̀rọ̀, a ní èdè ló pọ̀ jù. Èdè púpọ̀ kì í fa ọ́tísíìmù, kò sì ní kí ọmọ má nàka sóhun tó fẹ́, tàbí kó má yíjú tá a bá pè é. Dókítà náà gbọ́dọ̀ béèrè èdè tí ọmọ ń gbọ́. Bó bá fi Haúsá nìkan yẹ ọmọ tó gbọ́ Yorùbá nìkan wò, kò tíì yẹ̀ ẹ́ wò.

Ilé ìwòsàn Yunifásítì Usmanu Danfodiyo wà nígboro, ti ọpọlọ sì wà ní Kware. Ẹ gbé ọmọ lọ, ẹ sọ èdè rẹ̀ àti eré rẹ̀ fún wọn. Bí ìwé bá ṣàṣìṣe, ká tún un ṣe. Bó bá sọ òótọ́, ká tètè gbọ́.